Ilé Tákàdá Tí Kò Ní Ìwé: Ẹjọ́ Àwọn Àdúgbò Etí-Omi Ìjẹ̀bú

Bí a bá ní kí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó kàwé sọ ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ fún wa, kò ní wá ọ̀rọ̀ tì. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí Ọbańta, yóò to orúkọ àwọn Awùjalẹ̀ bí ẹní ń sín ìlẹ̀kẹ̀, yóò yà bá Bílíkísù Sùńgbọ́ àti yàrà Ẹrẹ̀dò tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, yóò sọ̀kalẹ̀ sórí ogun Ìmàgbọ̀n ti ọdún 1892, yóò sì fi Ojúde Ọba dé ìtàn náà lórí bí ẹní dé fìlà. Ìtàn tó dára ni, èmi kò bá a jà. Ohun tí mo ń bá jà ni pé bí a bá yẹ ìtàn náà wò láti òkè délẹ̀, a kò ní rí ẹnì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ ti dọ̀tí sí lọ́wọ́. Ọba wà níbẹ̀, olóyè wà níbẹ̀, jagunjagun wà níbẹ̀, olówó sì wà níbẹ̀ lórí ẹṣin. Ẹni tó tukọ̀ lójú ọ̀sà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó lagi kò sí níbẹ̀. Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ lóru mọ́jú kò sí níbẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé nìyí. Mo ní àwọn àdúgbò etí-omi tí iṣẹ́ ẹ̀rọ dá sílẹ̀, yálà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gan-an tàbí ní Èkó níbi tí igi ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń lọ, jẹ́ ara ìtàn wa gẹ́gẹ́ bí ààfin ti jẹ́ ara rẹ̀. Mo ní àwọn akọ̀tàn àti àwọn òǹkọ̀wé wa kọ ẹ̀yìn sí wọn. Mo sì ní ẹ̀yìn tí wọ́n kọ sí ọ̀kan nínú wọn, èyíinì ni Ìwòpin, burú ju àìbìkítà lásán lọ, nítorí pé tákàdá ni wọ́n fẹ́ máa ṣe ní Ìwòpin, tákàdá sì ni ilẹ̀ tí gbogbo ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní òǹkọ̀wé dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Lónìí, ọ̀nà ọkọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń gbà wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì rọrùn láti rò pé ìlú orí ilẹ̀ gbígbẹ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1505 sí 1508, ará Potogí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ ìwé kan nípa etí òkun ilẹ̀ Áfíríkà. Ó dárúkọ ìlú ńlá kan nínú rẹ̀ tó pè ní Geebuu, ó sì ní yàrà ńlá kan yí ìlú náà ká. Ọ̀nà omi tó wọ inú ilẹ̀ láti Èkó ló ń ṣe àpèjúwe nígbà tó dárúkọ wa. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mú gègé lọ́wọ́, ojú ọ̀sà ni orúkọ Ìjẹ̀bú ti gbà wọ inú ìwé.

Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ ni ilẹ̀kùn tí Ìjẹ̀bú ń gbà jáde sí Èkó fún ìgbà pípẹ́. Níbẹ̀ ni epo, oúnjẹ oko àti aṣọ híhun ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, níbẹ̀ náà ni iyọ̀, ìbọn àti aṣọ òyìnbó ti ń gòkè. Nígbà tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ló forí lé, ibẹ̀ ló sì wà títí di ọdún 1862. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá já ilẹ̀kùn tí Ìjẹ̀bú tì mọ́ ojú ọ̀nà òwò ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ojú ọ̀sà ni wọ́n gbà dé Ẹ̀pẹ́, etí odò Yemójì sì ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ti dúró dè wọ́n. Ẹ kíyè sí i pé ogun tí a fi ń yangàn yìí pàápàá, ogun etí omi ni.

Lẹ́yìn ogun ni ilẹ̀ yí padà. Ojú irin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là láti Èkó gba Abẹ́òkúta lọ, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ó fi Ìjẹ̀bú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀nà mọ́tò tó dé lẹ́yìn rẹ̀ wá ń kó ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi díẹ̀díẹ̀, títí Èjìnrìn tí èrò ti ń wọ́ tìrítìrí fi di ìlú tí a ń gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá. Bí ọjà bá kú, ẹnu a máa ròyìn rẹ̀ fún ìran kan. Lẹ́yìn ìran kan, ẹnu náà á kú. Bí kò bá sí ìwé nígbà náà, ó tán.

Ọ̀nà omi kò kú tán, ohun tó ń gba orí rẹ̀ kọjá ló yàtọ̀. Gẹdú ló wá gba ipò epo. Igi ńláńlá láti inú igbó Ìjẹ̀bú àti ti Oǹdó, àfàrà, arère, ọ̀ganwó, ni wọ́n ń gé lulẹ̀, tí wọ́n ń wọ́ dé etí omi, tí wọ́n ń so pọ̀ ní ìdì-ìdì, tí ọkọ̀ sì ń fà lójú ọ̀sà títí dé Èkó. Ibi tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí ni Oko Bàbá ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ẹni tó bá ti gba orí Afárá Third Mainland kọjá láti ọdún 1990 tí wọ́n ti ṣí i, ó mọ Oko Bàbá, ì báà má mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ibi tí èéfín ti ń rú láti inú òkìtì iyẹ̀ igi, tí gẹdú bo ojú omi bí ẹní, tí ilé onípákó sì dúró lórí òpó nínú omi.

Ìlú odindi ni Oko Bàbá. Alagi wà níbẹ̀, ẹni tó ń pọ́n ayùn wà níbẹ̀, alábàárù tó ń ru pákó wà níbẹ̀, obìnrin tó ń se oúnjẹ fún gbogbo wọn náà kò gbẹ́yìn. Pákó tó jáde láti ibẹ̀ ni a fi kan òrùlé Èkó, òun ni a fi kan àga tí a jókòó lé àti pósí tí a fi sin òkú wa. Síbẹ̀, ojú tí àwọn aláṣẹ fi ń wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ju ojú èéfín, iná àti ìdọ̀tí lọ. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn alagi kúrò níbẹ̀ lọ sí Timberville tí wọ́n kọ́ sí Àgbówà-Ìkòsì. Etí ọ̀sà kan náà ni, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn. Omi tó gbé iṣẹ́ náà kọjá lọ sí Èkó ló tún dá a padà sẹ́yìnkùlé Ìjẹ̀bú.

Èmi kò sọ pé kíkó tí wọ́n kó wọn burú. Iṣẹ́ a máa ṣí nípò, èéfín sì ń pa ọmọdé. Ohun tó dùn mí ni pé àdúgbò tó lo ju ìran kan lọ lè ṣí kúrò lójú wa, kí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní akọ̀tàn má sì jókòó ti alagi kan láti bi í léèrè pé, báwo ni ẹ ṣe ń mọ igi ẹni tí ó jẹ́ nígbà tí ìdì gẹdú ọgọ́rùn-ún bá wà lójú omi? Ta ló ń yanjú ìjà nígbà tí igi bá sọnù? Orúkọ wo ni ẹ ń pe ibi tí omi ti jìn àti ibi tí kò jìn? Ìmọ̀ ni ìwọ̀nyí, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń lò ó lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n Oko Bàbá ṣì ní ẹlẹ́rìí, nítorí pé gbogbo Èkó ló rí i. Ta ló rí Ìwòpin?

Ìwòpin wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú níhà ìlà-oòrùn, níbi tí ilẹ̀ ti lọ pàdé ọ̀sà Lẹ́kí. Àbígí ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ẹja àti oko ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń jẹun kí ìjọba àpapọ̀ tó dé. Ní àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìjọba pinnu pé Nàìjíríà yóò máa ṣe bébà tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni yóò pín iṣẹ́ náà ṣe. Ti Jẹ́bà, tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1969, yóò máa ṣe bébà líle tí a fi ń di ẹrù, ìwọ̀n 65,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ti Oku-Iboku, tó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1986, yóò máa ṣe bébà ìwé ìròyìn, 100,000 tọ́ọ̀nù. Ti Ìwòpin yóò máa ṣe bébà ìkọ̀wé àti ìtẹ̀wé, 100,000 tọ́ọ̀nù pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí ìpín yìí. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìwòpin ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwé. Ìwé tí ọmọ yóò kọ iṣẹ́ ilé rẹ̀ sí, ìwé ewì tí akéwì yóò tẹ̀ jáde, ìwé ìtàn àròsọ tí ìyàwó ilé yóò kà lálẹ́ kó tó sùn, etí omi Ìjẹ̀bú ni bébà wọn ì bá ti máa wá. Bí èyí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀, èmi kò mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ etí omi? Ẹni tó bá mọ bí a ti ń ṣe bébà kò ní béèrè. Igi ni wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń fi kẹ́míkà àti ooru sè títí yóò fi rọ̀ bí ògì. Wọ́n á fọ ògì igi náà lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á dà á sórí asẹ́ gbọọrọ tó ń sáré, omi rẹ̀ á ro, wọ́n á tẹ èyí tó kù jáde, wọ́n á sì fi ooru gbẹ ẹ́ títí yóò fi di bébà. Gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, omi ni. Àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń ṣe gàrí kò ní ṣàì mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá sún mọ́ omi kò lè fi gbágùúdá ṣòwò. Ọ̀sà ló mú Ìwòpin yẹ fún iṣẹ́ náà.

Igi tí ẹ̀rọ náà yóò máa jẹ, inú igbó ìjọba ní Ọmọ̀ ni wọ́n gbìn ín sí, igbó tó fẹ̀ tó 130,500 hẹ́kítà. Wọ́n gé igbó àdáyébá kúrò ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n fi Gmelina rọ́pò rẹ̀, igi ilẹ̀ Éṣíà tó ń yára dàgbà. Òṣìṣẹ́ wá láti onírúurú ẹ̀yà, àgọ́ wọn sì di ìlú. Ẹ gbọ́ orúkọ ìlú náà: J4. Àmì tí àwọn olùṣọ́ igbó kọ sí orí àwòrán ilẹ̀ wọn ni, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan. Ní ilẹ̀ tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ti ní oríkì, tí ẹfọ̀n àti ìgalà pàápàá ní oríkì, ìlú kan wà tó jẹ́ pé àmì orí máàpù ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ń bí níbẹ̀, òkú ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń gbéyàwó níbẹ̀. Èwo nínú àwọn akéwì wa ló ti fi ojú inú wo ìlú yìí rí?

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ náà? Owó epo já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ ìkọ́lé dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Gmelina nìkan kò sì tó, nítorí pé òwú inú igi rẹ̀ kúrú. Bébà tó lágbára ń fẹ́ àdàlù ògì igi olówùú gígùn bíi páìnì, èyí tí a gbọ́dọ̀ rà láti òkè òkun. Ẹ̀rọ àti kẹ́míkà náà, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Nígbà tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986 tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ̀rọ́, gbogbo nǹkan tí a fi dọ́là rà di ọ̀wọ́n gógó. Ìwòpin kò ṣe 100,000 tọ́ọ̀nù rẹ̀ pé ní ọdún kankan. Nígbà tó di àwọn ọdún 2000, ìjọba kà á mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó tà fún aládàáni. Títà náà kò jí i dìde. Gmelina ń dàgbà nínú igbó, ẹnu tó yẹ kó jẹ ẹ́ kò là, àwọn onígẹdú sì gé e fún pákó àti òpó. Àwọn àgbẹ̀ onígbó kòkó wọ inú igbó náà, erin díẹ̀ tó kù níbẹ̀ sì ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn ìwé Yorùbá. Ní ọdún 1859 tí Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta, ọkọ̀ òkun ló gbé tákàdá rẹ̀ wá. Ní ọdún 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà jáde, kò sí ilé-iṣẹ́ bébà kankan ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí ìwé kíkà Yorùbá sì wọ ilé tálákà, kò tíì sí i síbẹ̀. Gbogbo ọlá tí èdè wa ní láyé ìwé, orí bébà àlejò ni wọ́n kọ ọ́ sí. Níwọ̀n ìgbà tí náírà lágbára, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí náírà wó, a mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ilé ìtẹ̀wé dì mọ́ ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò rà dandan, ewì àti ìtàn àròsọ ni wọ́n kọ́kọ́ jù sílẹ̀. Òǹkọ̀wé tó ní ìwé àfọwọ́kọ nílé ní láti máa wá owó tí yóò fi tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀dà díẹ̀ ló sì ń tẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ṣe àpérò lórí ikú tó fẹ́ pa èdè Yorùbá. Ní gbogbo àpérò wọ̀nyẹn, ẹ̀bi a máa já sórí ìyá tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, a tún já sórí ọ̀dọ́ tí kì í kàwé. Èmi kò ní ìyá náà kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìwé tí a kò tẹ̀, ta ni yóò kà á? Ìwé tí owó rẹ̀ tó owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, ta ni yóò rà á fún ọmọ? Àwọn tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìyá lójú agbo kì í mẹ́nu ba Ìwòpin rárá. Wọ́n ń sunkún àgbàdo tí kò hù, wọn kò béèrè ibi tí omi òjò gbà.

Mo mọ àwọn ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn.

Àwọn kan yóò ní Ìwòpin jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, pé àwọn ará omi ló ni ìtàn ibẹ̀, pé Ìlàjẹ àti àwọn ẹ̀yà mìíràn pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń fi gígùn yàrà Ẹrẹ̀dò ṣe àfihàn bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti gbòòrò tó, kò lè wá sún ààlà sẹ́yìn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan òṣìṣẹ́. Bí oríṣiríṣi ènìyàn bá sì ti jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ ká kọ ìtàn rẹ̀. Ìtàn tó dá lórí ẹ̀jẹ̀ àti ìran ti pọ̀ lọ́wọ́ wa. Èyí tó dá lórí iṣẹ́ tí àjèjì àti onílé jọ ṣe ló ṣọ̀wọ́n.

Àwọn mìíràn yóò ní ilé-iṣẹ́ tó kùnà ni, àti pé ta ní ń kọ ìtàn ìkùnà? Gbogbo Ìjẹ̀bú ni! Kí ni Ìmàgbọ̀n bí kò ṣe ìṣẹ́gun tí wọ́n ṣẹ́gun wa? Ọ̀gágun Scott wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1892, àwọn baba wa kò dá a dúró. Síbẹ̀, a ń sọ ìtàn náà fún ọmọ, a sì ń rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ìkùnà lójú ogun bá tó ìtàn, ìkùnà nídìí ẹ̀rọ náà tó o, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni a ṣì ń jẹ gbèsè rẹ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn kẹta yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì la wà, kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ fi bébà ṣe? Kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ rìn dé ọjà Òkè-Ajé nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé. Kó wo ìdì ìwé àjákọ, kó wo ojú bàbá tó ń ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó béèrè iye ọ̀kan. Ọmọ tó ń kọ́ a-b-d ní ilé-ìwé ìjọba, orí bébà ló ti ń kọ́ ọ. Íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣe púpọ̀ fún èdè wa, ṣùgbọ́n kò tíì sọ bébà di ohun àná, níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró.

Àwọn tó kẹ́yìn, tí wọ́n sì pọ̀ jù, yóò ní ìjọba ló jẹ̀bi. Ìjọba jẹ̀bi lóòótọ́. Ìjọba ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láì wo iwájú, ìjọba ló sì tà á láì wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ìjọba tà. Kò sí ìjọba tó ra ìrántí lọ́wọ́ wa, kò sí aláṣẹ tó ní kí akọ̀tàn má lọ sí Ìwòpin. Ní ọdún 1937, Botu Okubote kọ ìtàn Ìjẹ̀bú ní èdè Yorùbá, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nínú àpò ẹnikẹ́ni. Lónìí, ẹ̀rọ tí a fi ń ya àwòrán Ojúde Ọba lè gba ohùn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní odindi ọjọ́ kan. Ohun tó wọ́n wa ni ìfẹ́.

Àkókò sì ń lọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní Ìwòpin tàbí ní J4 ní ọdún 1980, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Ó mọ bí wọ́n ṣe pín igbó, ó mọ orúkọ àwọn ọ̀gá, ó mọ ọjọ́ tí owó oṣù kọ́kọ́ pẹ́ kó tó dé. Ní ọdún mẹ́wàá sí i, ọ̀pọ̀ irú wọn kò ní sí mọ́. Bí wọ́n bá lọ, irin àlòkù nìkan ni yóò kù níbẹ̀ láti ròyìn, irin àlòkù sì ní oníbàárà tirẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò ju agbára wa lọ. Yunifásítì méjì wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti ń kọ́ èdè wa: èyí tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti ọdún 1982, àti èyí tó wà ní Ìjàgùn láti ọdún 2005. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí Fágúnwà, lórí ẹsẹ̀ Ifá, lórí òwe. Kí àwọn olùkọ́ wọn rán márùn-ún péré lọ sí etí omi. Kí ọ̀kan gba orúkọ irinṣẹ́ àwọn alagi sílẹ̀, kí ọ̀kan gba ìtàn àwọn tó gbin Gmelina, kí ẹlòmíràn jókòó ti àwọn apẹja Ìwòpin, kó béèrè ohun tí ilẹ̀ wọn jẹ́ kí ẹ̀rọ tó dé. Èdè tí wọn yóò bá bọ̀ níbẹ̀ kò ní sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan tí a ní.

Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde náà ńkọ́? Lọ́jọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń yọ lójú agbo nínú aṣọ tí owó rẹ̀ lè tẹ ìwé rẹpẹtẹ. Èmi kò ní kí wọ́n má wọṣọ. Mo ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ìdá díẹ̀ nínú owó aṣọ ọdún kan tẹ ìwé kan ṣoṣo nípa àdúgbò iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Èjìnrìn, Ìwòpin, J4, àdúgbò aláró, àdúgbò ahunṣọ. Ìwé yóò pẹ́ ju aṣọ lọ.

Kí ẹni tó bá ní Ìwòpin lọ́wọ́ báyìí, pẹ̀lú ìjọba tó tà á, má jẹ́ kí àwọn ìwé àkọsílẹ̀, àwòrán ilé àti fọ́tò ibẹ̀ di ohun tí a fi ń dáná. Ilé ìkówèé-ìtàn-pamọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìbàdàn, kí wọ́n kó wọn lọ síbẹ̀.

Àwọn akéwì ni mo fi pamọ́ de ìkẹyìn. Ẹ̀yin ni mo bẹ̀ pé kí ẹ lọ fún J4 ní oríkì. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyà ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Oríkì àtijọ́ kì í bo àbùkù ẹni mọ́lẹ̀, ó máa ń dárúkọ rẹ̀ ni. Ẹ sọ ti igbó tí wọ́n gé, igi àjèjì tí wọ́n gbìn, òṣìṣẹ́ tí kò rí owó gbà, erin tí kò rí ọ̀nà. Ẹ sọ ọ́ kí ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè gbọ́ pé ìlú òun ju àmì orí máàpù lọ.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, gbogbo wa la mọ òwe náà, ẹnu wa ti dán nídìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Ìwòpin tó wà létí ọ̀sà dán an wò bóyá òótọ́ ni a ń pa á. Wọ́n kọ́ ọ fún ìwé, kò ṣe ìwé. Kí a má tún jẹ́ kó kú láìsí ìwé kan tí yóò dárúkọ rẹ̀.